Omi Tí Bàbá Mi Fi Wẹ Ajá

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ajá tó mi ní gbogbo Ìhúnbọ. Síbẹ̀, bí òórùn oògùn tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà lóko bá ti kàn mí nímú, mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn.

Ọdẹ ni bàbá mi, àwọn ajá rẹ̀ ló ń bọ́ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eégbọn kún etí wọn bí kóró èso làrà.

Ìyá mi ní, “Bàbá Dèjì, ẹ jẹ́ ká máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Ìwọ tó ń sá fún èkúté lo fẹ́ kọ́ ọdẹ ní ìtọ́jú ajá?”

Bàbá po oògùn ẹ̀wà mọ́ omi, ó funfun bí wàrà, ó sì fi wẹ̀ wọ́n. Eégbọn ń já bọ́, mo ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ajá ń lá ara wọn. Nígbà tó yá, itọ́ ń hó lẹ́nu wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Mo rò pé òtútù ni, mo fi àpò bò wọ́n.

Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni à bá fi mú eégbọn lórí, níbi tó ti wọ awọ, ká rọra fà á jáde tààrà, ká sì fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.

Bàbá kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ. “Tanímọ̀la, dìde, à ń lọ sígbó.” Ìrù nìkan ni ajá náà lè jù.

Ajá mẹ́ta ló kú, ọ̀kan nínú wọn lóyún. Ìbọn kan ni bàbá tà ká tó rí oúnjẹ jẹ.