Bàbá Tíṣà Ará Íńdíà

Lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, tí ìjọba ń ṣí ilé-ìwé lọ́tùn-ún lósì, àwọn tíṣà ará Íńdíà pọ̀ láàárín wa ní Ìsọlọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ ìṣirò nílé-ìwé tí èmi náà ti ń kọ́ Yorùbá. Tábìlì kan náà la jọ ń lò. Bàbá rẹ̀ ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ní Íńdíà, bíi gómìnà lọ́dọ̀ tiwa.

A kọ́kọ́ rò pé irọ́ ló ń pa. Ọmọ gómìnà, tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Òkóta, tí ṣọ́ọ̀kì kún gbogbo ọwọ́ rẹ̀? Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tíṣà abúlé ni bàbá òun náà tẹ́lẹ̀, pé òyìnbó jù ú sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti abúlé dé abúlé nígbà tó ń wá ìbò. Ó wọlé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ìjọba wó. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, wọ́n sì tún dìbò fún un. Àwa tí sójà ń pàṣẹ fún nígbà náà a máa dákẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bàbá yìí kò bá ọmọ rẹ̀ wá iṣẹ́. Ó ní wọn ò ní í sọ láéláé pé ọmọ òun gba ipò ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ ṣe fìbínú gba Èkó wá nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá náà dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ sí i pé ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀: bí òun bá kú, kí ọmọ náà, àkọ́bí ọkùnrin, fọwọ́ ara rẹ̀ tanná sí òkú òun, nítorí sísun ni wọ́n ń sun òkú lọ́dọ̀ wọn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Ìbínú ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tẹlifóònù ọ̀gá ilé-ìwé wa, ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, dún. Ará Íńdíà kan tó ń ṣòwò ní Àpápá ló pè: bàbá ti kú, kí tíṣà sáré bá bàálù ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá wa, àgbàlagbà ará Èkìtì, pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mísì, ẹ má sọ fún un o. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ọmọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn. Tó bá dọ̀la, àwa àgbà á lọ bá a."

"Bàálù ńkọ́, sà?"

"Òkú gómìnà! Ta ní í sáré sin ín? Bàálù ọ̀la ń bẹ."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání létí mi. Nílé tiwa, òkú ẹni ńlá á wà ní mọ́ṣúárì títí gbogbo ọmọ á fi ti òkè òkun dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá, pásítọ̀ kan àtèmi lọ bá a ní Òkóta. Ó bu omi fún wa. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè: ayé lọjà, ọ̀run nilé, kò sẹ́ni tí kò ní í re ibi àgbà ń rè. Tíṣà ń wo ẹnu rẹ̀.

"Sà, ṣé bàbá mi ti kú ni?"

"Láàárọ̀ àná. A ò fẹ́ kó bá yín lójijì ni."

Ó rọra jókòó. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé wọ́n ti sun ún. Ká ní òun gbọ́ lánàá ni, òun ì bá ránṣẹ́ kí wọ́n fi yìnyín tọ́jú rẹ̀ de òun.

Ọ̀gá wa ṣí fìlà. Ó ń fi èdè Èkìtì bẹ̀ ẹ́, èdè tí ọkùnrin náà kò gbọ́ rárá. Inú bí mi sí ọ̀gá, ó sì bí mi sí gbogbo ọgbọ́n àgbà tí a gbé wá sínú ilé yẹn.

Tíṣà kò bá wa jà. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló wá bá mi tanná sí i?"

 Kò sẹ́ni nínú wa tó rántí pe ará Íńdíà Àpápá yẹn padà, ká béèrè.