Aṣọ Dúdú Lójú, Ọ̀pá Funfun Lọ́wọ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ wa ní ìrìn ní yunifásítì, ẹ̀rín ni mo bú sí. Ta ló ń kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn? Èmi tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri Àyèká, ìlú wa, kí n tó mọ ABD! Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àkànṣe ni mo lọ kà, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn ní ìpèníjà, àwọn afọ́jú ni mo sì yàn láti máa kọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní yunifásítì, èyí lo rí mú!"

Ọ̀gá wa, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí èèyàn bá ṣubú, fi aṣọ dúdú di ojú gbogbo wa. Ó fún wa ní ọ̀pá funfun, ó ní ká rìn dé ilé ìkàwé. Èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà tó bá ti wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà kíá. Mo ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ ilẹ̀ ju ọ̀pá lọ. Mo fi ọ̀pá há abíyá, mò ń yan lọ bí ìgbà tí a bá ń tò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú gọ́tà ni mo bá ara mi.

"Ta ló bọ́ bàtà?" Ohùn ọ̀gá wa nìyẹn lókè orí mi.

"Èmi ni, mà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa..."

"Áńgẹ́lì wo ló wá gbà ọ́?" Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí ọ̀pá kọ́kọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Máa fi gbá ilẹ̀ wẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún, sósì. Ó yá, padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo padà. Nígbà tí ọwọ́ mi kan ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, àfi bí ẹni pé wọ́n dé mi ládé.

Nígbà tí mo kàwé tán, Ìlútítun ni mo ti gba iṣẹ́ tíṣà. Ibẹ̀ ni mo ti bá Ràmọ́tù, ọmọbìnrin afọ́jú tí ìka rẹ̀ yá lórí bíréélì, ìwé oníkókó tí à ń fi ọwọ́ kà. Ìyá rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ wá sílé ìwé. Nígbà tí ìyá náà bímọ tuntun, bàbá Ràmọ́tù, Alàájì tó ń ta epo pupa, ní kí Ràmọ́tù jókòó sílé.

"Tíṣà, ẹ ti gbìyànjú. Ta ni yóò máa fà á?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní fà á mọ́, Alàájì. Ẹ fún mi ní sáà kan."

"Tí kò bá dá rìn láti ìsọ̀ mi dé géètì yín, ó parí nìyẹn o."

Ojoojúmọ́ la ń ṣe é. Èmi náà á di ojú, a ó jọ máa rìn, àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo, "Àǹtí, èwo lẹ tún dì lójú?" Ràmọ́tù á ní, "Àǹtí, ẹ tún ti ya wọ igbó."

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró ní géètì. Ràmọ́tù gbéra níwájú ìsọ̀, ọ̀pá ń lọ sọ́tùn-ún, sósì. Alàájì tó ní òun á kàn máa wò kò lè mú un mọ́ra. Ó sáré bọ́ síwájú ọmọ, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ jòjòló. Ọ̀pá gbá a ní kókósẹ̀.

Ràmọ́tù dúró. "Ta ló dí ọ̀nà yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, mò ń lọ sílé ìwé."

Alàájì wo ọmọ, ó wò mí, ó sì yà jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ kọjá, ọ̀pá rẹ̀ kan irin géètì, ó wọlé.

"Tíṣà," Alàájì ní, ó ń fi etí agbádá nu ojú, "kò tiẹ̀ mọ̀ pé èmi ni."

"Ó mọ̀ dáadáa, Alàájì."

Ràmọ́tù ti wà ní yunifásítì báyìí, ẹ̀kọ́ àkànṣe kan náà ló ń kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní ìrìn, ó pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, wọ́n ń pín aṣọ dúdú. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn, mo ti gbé tèmi wá láti ilé."

"Ta ló kọ́kọ́ dé ilé ìkàwé?"

"Mo ti ń kàwé lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé. Ẹnì kan ṣì wà nínú gọ́tà, Àǹtí. Mo ti bá yín kí i."