Ọkọ̀ Onímú Gígùn tí Bàbá Ilé Kejì Jí Dìde

Nígbà tí ẹ́ńjìnì náà kọ́kọ́ bú jáde, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò parọ́. Abọ́ ẹ̀kọ ni mo gbé dání, mo sì rí i bí ẹ̀kọ náà ṣe ń gbọ̀n nínú ewé. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó sùn sẹ́yìn kànga fò dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá bí ẹni tí ìjà ń lé. Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná tòun ti orógùn lọ́wọ́, ó ń ké orúkọ mi. Èéfín dúdú bo ilé kejì mọ́lẹ̀, òórùn bẹntiróòlù àti ti rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo àdúgbò. Láàrin èéfín náà ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá.

"Alihamudulilahi! Ó mí! Ẹ gbọ́, ó mí!"

Ó ti tó ọdún méjì tí gbogbo Ìwárò, àdúgbò wa ní Ọ̀kà, ti ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà pé yóò mí mọ́ láyé.

Bàbá ilé kejì kì í ṣe ìbátan wa, ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa sí méjì. Awakọ̀ lọ́rì ni tẹ́lẹ̀. Kòkó àti iṣu ló ń kó láti Ọ̀kà lọ sí Ìbàdàn títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó tẹ adìyẹ kan pa rí. Ọ̀gá tó wa ọkọ̀ fún kẹ́yìn ti gbé ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti kó ọkọ̀ náà wálé. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ ga sókè, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju ti iwájú lọ, sílíńdà mẹ́jọ ló sì wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Eré sísá ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ọ̀nà tiwa tó kún fún kòtò àti òkè. Nígbà tí ọ̀gá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n bá adìyẹ tó sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń wá irin, ẹ máa gbé e lọ." Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá ló tì í dé ilé kejì.

Kò sí owó lọ́wọ́ Bàbá, ọgbọ́n ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán ni màá ti máa gbọ́ ọ tó ń ha ìpẹtà, krẹ́ẹ́, krẹ́ẹ́, krẹ́ẹ́, títí oòrùn yóò fi yọ lókè àpáta. Páálí tí wọ́n fi kó ọṣẹ wá ló gé, tó rẹ sínú ọ́ìlì, tó fi dí ibi tí irin méjì ti pàdé kí omi má baà jò. Agolo epo ló tẹ́ pẹrẹsẹ tí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ fi lẹ ibi tó ti lu. Òwú igi àràbà ló kì sínú ìjókòó, ó sì fi tapólì tó ti fi ń bo ẹrù lórí lọ́rì rẹ̀ rán aṣọ lé e. Ẹnu tí ọkọ̀ náà fi ń mu epo tóbi jù, ó ní bí ó bá mu epo dé Ìkàrẹ́, kò ní ku èyí tó máa gbé e padà wálé. Ó bá lọ wá kábúrétọ̀ kékeré lára bọ́ọ̀sì kan tó ti kú, ó sì fi páìpù tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ so ó mọ́ra.

Ṣùgbọ́n bíréékì ló jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lọ. Ó ní ti àtijọ́ kò lè gba òkè Ọ̀kà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ní Ìkàrẹ́, títí ó fi rí irú èyí tó ní àwo irin, tí nǹkan méjì ń há a mọ́ àárín bí ẹ bá tẹ bíréékì. Mẹkáníìkì kan tó kọjá dúró wò ó.

"Bàbá, ẹ́ńjìnì ò tíì dún, bíréékì lẹ ń tò?"

"Ohun tó ń sáré ò wọ́n," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ohun tó ń dúró ni mò ń wá."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, màá lọ jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ń pè mí.

"Ọ̀rẹ́ mi, àwọ̀ wo ni wáyà yìí?"

"Pupa ni, Bàbá."

"Èyí ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé."

Mo rò pé ó ń kọ́ mi ni, bí tíṣà wa ṣe ń kọ́ wa. Ó máa ń fi ìka tọ́ ọ́ìlì lá, ó máa ń gbé púlọ́ọ̀gì sí imú gbóòórùn, ó máa ń fi etí ti irin bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Yóò na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, yóò sì mú sípánà tó fẹ́ gan-an nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n tò sórí ẹní. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí èèyàn ṣe ń mọṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dà tó kù nígbà tí wọ́n kun ilé-ẹ̀kọ́ wa, aláwọ̀ búlúù, ló fi kun ọkọ̀ náà. Nígbà tó gbẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti imú dé ìdí.

"Ó dán, àbí kò dán?"

Ọ̀dà náà ti ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó sunkún tí kò nu ojú. Mo wo ojú Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dán, Bàbá."

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ́ńjìnì náà jí. Ìyàwó Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ti lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Nígbà tí èéfín fẹ́ lọ tán, ohùn ọkọ̀ náà wálẹ̀, ó ń hó wọ̀ọ̀ bí ìkòkò ńlá lórí iná. Bàbá wọlé lọ wẹ̀, ó jáde nínú jàlàbíà funfun àti fìlà bí ẹni tó ń lọ kírun ọdún.

"Wọlé, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gùn ún. Wàá máa bá mi wo ọ̀nà."

Mo wo ìyá mi. Ó ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, Bàbá. Kò tíì fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀."

Bí a ṣe jáde nìyẹn. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, àwọn àgbà ń dìde lórí ìjókòó, àwọn kan di etí. Mo gbé ọwọ́ lé fèrèsé bí ìyàwó olówó. Nígbà tí a kúrò láàrin ilé tí a kọjú sí Ìkàrẹ́, Bàbá ń ka nǹkan lábẹ́ ẹnu, ó ń yí sítíárì síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Gbogbo kọ́nà ló mọ̀. Gbogbo kòtò ló yà fún. Láfún funfun ni wọ́n sá sórí àpáta lápá ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn kíkan rẹ̀ wọlé.

"Kí ló wà níwájú?" ló ń bi mí.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

A gun òkè kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ gan-an ni mo ti rí lọ́rì kan tó ti kú sójú ọ̀nà. Igi ló kó, ó tóbi bí ilé. Wọ́n ti já ewé sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí ọkọ̀ lè mọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Kí ni màá sọ? Ta ni kò ní rí i? Mo ń dúró kí Bàbá dẹ eré. Kò dẹ̀ ẹ́. Ewé náà ti súnmọ́, mo ti ń rí èèpo ara igi náà.

"Bàbá, lọ́rì!"

"Níbo?"

Ọ̀rọ̀ kan yẹn. Títí di òní, bí ẹnì kan bá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo máa ń wá ohun tí màá dì mú. Lọ́rì náà ti gba gbogbo ojú gíláàsì, Bàbá yí ojú sí mi, ó ń bi mí pé níbo.

"Ẹ dúró! Iwájú wa ni! Ẹ dúró!"

Ó tẹ bíréékì. Mo fi orí gbá iwájú. Táyà ké, ọkọ̀ náà tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku bò wá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìdí igi kan ń wò mí láti òdì kejì gíláàsì. Èèyàn kò lè gba àárín wa kọjá.

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárì. Ó na ọ̀kan, ó wá orí mi, ó fọwọ́ kan ojú mi, imú mi, ẹnu mi.

"Ṣé o wà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí?"

"Kò sí, Bàbá. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ẹ́ńjìnì ti kú.

"Mi ò rí i. Ó pẹ́ tí mi ò ti rí nǹkan mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀, mo ń rí òjìji. Ọ̀nà yìí ni mo mọ̀."

Mo wo ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n là sílẹ̀. Èmi gan-an ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé èèyàn lè wo ẹlòmíràn lójú kó má sì rí i.

Awakọ̀ lọ́rì náà, ọkùnrin kan láti Ṣúpárè, jáde láti abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pariwo.

"Àgbàlagbà! Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ! Ojú yín dà?"

"Kò sí mọ́," ni Bàbá wí.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sí iwájú ojú Bàbá, ó jù ú sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó rí i pé òtítọ́ ni, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Òun ló wa ọkọ̀ náà padà sílé. Bàbá jókòó lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Ìyá ti dé láti ọjà. Bàbá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rò ó. Ó dúró sí àárín àgbàlá, ó sọ fún gbogbo ẹni tó pé jọ pé òun ti fọ́jú, pé òun fi pamọ́, pé òun gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀. Ìyá kígbe ní èdè àwọn ará Arigidi, níbi tí wọ́n bí i sí, èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yí i sí Yorùbá.

"Ẹ fi pamọ́ fún ta ni? Láti ààwẹ̀ ọdún kẹta ni mo ti mọ̀! Ta lẹ rò pé ó ń to sípánà yín lójoojúmọ́? Mo ní ẹ máa tún un ṣe, kí ọwọ́ yín má dilẹ̀. Ṣé mo ní kí ẹ wà á ni?"

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ba Bàbá ju lọ́rì lọ. Ó ti rò pé òun nìkan ló ń ru ẹrù náà.

Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tú aṣọ mi láti wo gbogbo ara mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò kí ilé kejì, kò sì jẹ́ kí n yọjú síbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí Ìyá ń kí i láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyá mi á kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣa ewé ẹ̀fọ́ lójú ilé, Bàbá dé. Ìyá ló fà á lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i tí wọ́n ń fà á. Ó bi Ìyá pé ṣé ìyá ọmọ náà wà níwájú òun. Ìyá ní ó wà. Bàbá bọ́ bàtà, ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi, ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ìyá mi fò sókè, ẹ̀fọ́ dànù.

"Háà! Bàbá! Ẹ dìde! Ẹ má fa ègún lé mi lórí! Ta ló rí irú èyí rí?"

"Ọmọ rẹ ni mo fẹ́ pa," ni Bàbá wí láti ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé mi ò rí, mo sì gbé e. Agídí ni. Má sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Èmi ni."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Òun àti Ìyá ló gbé e dìde. Ìyá mi kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ ọ́ títí Bàbá fi kú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé kejì.

Ọmọbìnrin Bàbá, tó jẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́, ló wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ náà. Bàbá ló kọ́ ọ, ó jókòó tì í, ó ń fi etí ṣọ́ ọ: "Yí jíà. O ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún?" Wọ́n ń gbé e lọ kírun Jímọ̀ fún ọdún mélòó kan.

Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá màá bu ọbẹ̀ fún un. Mo mọ ohun tí Bàbá fẹ́ fi mí rà lọ́jọ́ náà: ó fẹ́ jẹ́ awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú ṣì máa ń bí mi. Síbẹ̀ òun ni àgbà kan ṣoṣo tí mo rí láyé mi tó sọ pé òun jẹ̀bi láìwá ẹlòmíràn dì í rù. Bí mo bá ṣẹ àwọn ọmọ mi, mo máa ń kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba, mo sì máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹnu máa ń yà wọ́n. Ẹnu ya èmi náà lójú ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, n kò sì tíì pa á dé.