Ọjọ́ Tí Oyin Sé Wa Mọ́ Ahéré

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ fi mọ Ìwó, kí n tó rí ojú ènìyàn kankan níbẹ̀. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí ẹmu àná tí ẹnìkan gbàgbé sínú akèrègbè. A ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀, a ti gba Ìmẹ̀kọ, a ti gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, eruku ọyẹ́ sì ti sọ irun gbogbo wa di pupa. Nígbà tí òórùn yẹn gba ojú fèrèsé wọlé, mo sọ lọ́kàn mi pé ara máa tù mí níbí. Bí ènìyàn ṣe máa ń tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn.

Ọmọ Kétu ni mí, ní òdìkejì ààlà Nàìjíríà, Kùtọnú sì ni mo ti lọ yunifásítì. Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni wọ́n sọ fún àwa tí à ń kọ́ nípa ẹranko pé ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ní a máa lọ wá àwọn odídẹrẹ́ tó ṣẹ́kù ní igbó odò Ọbà, a máa gbé lọ́dọ̀ àwọn onílé láti mọ àṣà wọn, a máa fi okùn gun igi ńláńlá. Gbogbo ayé ló ń ki Ìwó mọ́ odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ẹyẹ ti fi àtè kó wọn tà débi pé ọmọ ìlú mìíràn lè dàgbà láìrí ọ̀kan lórí igi. Inú mi dùn. N kò tíì rìn kọjá Kùtọnú rí.

Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Kùtọnú àti ọmọ Àjàṣẹ́ ni àwọn yòókù, Fọ̀n àti Faransé ni wọ́n ń sọ. Olùkọ́ tó ṣáájú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èmi ni mo di ẹnu gbogbo ènìyàn. Bí ọmọbìnrin tí a jọ ń sun yàrá kan bá fẹ́ ra ọṣẹ, èmi ni. Bí inú bá ń run ọmọkùnrin kan, èmi ni màá dúró níwájú nọ́ọ̀sì, tí màá máa ṣàlàyé bí ìgbẹ́ ẹlòmíràn ṣe rí. Bí mo bá ń jẹun, wọ́n á fa aṣọ mi: "Kí ni wọ́n sọ?" Àwọn ọmọ àdúgbò pàápàá kò gbà pé Yorùbá ni mí. Wọ́n á gbọ́ ohùn Kétu lẹ́nu mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àgànyìn yìí mà gbọ́ èdè wa o!"

Àlàájà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Odò-Orí ló gbà wá sílé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín àwọn àti alájọgbé mi, wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé. "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ kọ́ ni odídẹrẹ́ tí wọ́n ń wá kiri báyìí?" A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá rò ó wò, mo rí i pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi. Kò sì sí ibi tí mo lè sá lọ. Ọkọ̀ tó gbé wa wá ti padà, kò ní wá kó wa títí ìsinmi yóò fi parí.

Lẹ́yìn ìrìn púpọ̀ nínú igbó, a rí ohun tí a wá. Igi àràbà kan ni, nínú oko kòkó bàbá arúgbó kan lọ́nà Kuta. Lókè pátápátá, níbi ihò kan, odídẹrẹ́ méjì yọ orí jáde, ìrù wọn pupa bí iná. Ojú Ọ̀gá kún fún omi. Àmọ́ ahéré Bàbá wà lábẹ́ igi yẹn gan-an, ẹ̀ka kan sì ti já lulẹ̀ nígbà òjò, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyàwó wọn sùn sí. Bàbá ti bá àwọn agégẹdú sọ̀rọ̀. Wọ́n máa wá gé e kí ọyẹ́ tó tán.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àárín ìjà náà ni wọ́n sì fi mí sí. Lójoojúmọ́ ni à ń lọ sí oko náà. Ọ̀gá á ní, "Sọ fún un pé bí wọ́n bá gé igi yìí, ó lè jẹ́ òpin ẹyẹ wọ̀nyí níbí nìyẹn." Bàbá á fèsì pé, "Bi í bóyá ẹyẹ ló máa bá mi kẹ́dùn bí igi bá wó pa ìyàwó mi." Ọ̀gá á sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ fún àgbà, màá dín in kù. Bàbá á sọ èyí tí kò ṣeé sọ fún àlejò, màá dín in kù. Nígbà tí màá fi padà dé ilé Àlàájà, ìbínú àwọn méjèèjì ni mo ti gbé mì, orí á sì máa fọ́ mi.

Ìyàwó Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Wọ́n á bu omi fún wa, wọ́n á ní ẹ kú ìnira. A máa ń kí wọn, wọ́n á dáhùn, ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú wọn á sì tán síbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá ní kí ọmọkùnrin tó mọ igi gùn jùlọ nínú wa ju okùn sókè, kó lọ ya àwòrán àwọn ọmọ ẹyẹ, bóyá ojú àánú á mú Bàbá bí wọ́n bá rí i. Okùn náà fò, ó lu ihò mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣàkíyèsí. Ohùn kan kọ́kọ́ wá láti òkè, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Bàbá ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. "Oyin ni! Ẹ sá!" Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kó sínú oko kòkó, Bàbá tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá fẹsẹ̀ kọ, wọ́n ṣubú, oyin sì bò wọ́n lójú. N kò mọ ìgbà tí Màmá, ìyàwó Bàbá, dìde nídìí ẹ̀gúsí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ líle kan gbá ọwọ́ mi mú, ọwọ́ kejì wọ́ Ọ̀gá ní kọ́là ẹ̀wù, ilẹ̀kùn ahéré sì pa dé lẹ́yìn àwa mẹ́ta.

Òkùnkùn ni, ooru ni, òórùn èéfín àtijọ́ àti epo pupa. Màmá tú ìborùn wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn; wọ́n fi àkísà dí fèrèsé. Oyin ń lu pákó lóde bí ẹni ń da yangan sínú agolo. Mo rò pé wọ́n á lọ láìpẹ́. Wọn kò lọ. Ojú Ọ̀gá ń wú, ọ̀kan ti dí pátápátá, mímí wọn sì ń dún. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á kú síwájú mi, pé èmi náà ni màá tún ru ọ̀rọ̀ ikú wọn lọ bá àwọn ará ilé wọn.

Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ń fi èékánná họ ẹ̀gún oyin kúrò lójú Ọ̀gá, wọ́n ń fi òrí pa á. "Kó má fọwọ́ ra á o." Ọ̀gá ní, "Kí ni wọ́n sọ?" Mo sọ ọ́. Ọ̀gá kérora. Màmá ní, "Kí ló wí?" Mo la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Faransé, pé ó rẹ̀ mí, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi mí sílẹ̀.

Màmá nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró, wọ́n fọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?"

Mo sọ fún wọn.

"Ó dáa. 'Dílúì' ni mo rò pé o ń jẹ́ látìjọ́. Òun nìkan ni mo gbọ́ tí ọkùnrin yìí ń fi pè ẹ́."

Bí Faransé ṣe ń pe 'Sọ fún un' nìyẹn; mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Láti ìgbà tí a ti ń lọ sí oko náà, ẹnikẹ́ni kò bèèrè orúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́, igi sì ké lókè orí wa, igbe gígùn kan bí ilẹ̀kùn ńlá tó ń ṣí. Ọ̀gá gbé ojú wọn kan ṣoṣo sókè. Kò sẹ́ni tó ní kí n túmọ̀ ìyẹn. Màmá kàn nàka sókè, wọ́n sì nàka sí ẹní wọn tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ń bá òrí pípa wọn lọ.

Ìgbà náà ni mo bèèrè, tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e?"

"Gé e kẹ̀? Àwọn ẹyẹ yẹn ni mo fi ń jí. Bàbá á ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ wà l'Ékòó, ta ni mo tún ní níbí? Ahéré ni kí wọ́n gbé kúrò. Ilẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn kòkó lọ́hùn-ún."

"Ẹ ò sọ fún Bàbá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. "Ta ló bi mí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá, n kò fi kún un, n kò dín in kù. A jókòó síbẹ̀, òógùn ń wẹ̀ wá, oòrùn sì ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ wọn. Àwọn odídẹrẹ́ ń darí bọ̀ wálé. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lókè wa, bí obìnrin tó ti ọjà dé. Mo ti fi ọjọ́ púpọ̀ wá wọn nínú igbó, n kò gbọ́ wọn nítòsí báyẹn rí. Inú ahéré tí n kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn.

Bàbá ló tú wa sílẹ̀. Wọ́n fi àpò bo orí, wọ́n kó ewé tútù jọ, wọ́n fi iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èéfín wọlé, ikọ́ sé wa lọ́rùn. "Ìyá wọn! Ṣé ẹ wà láàyè?" A da aṣọ bo orí, a tẹ̀ lé èéfín náà jáde títí a fi bọ́ sábẹ́ kòkó. Nígbà tí Bàbá rí ojú ìyàwó wọn tí oyin ti ta, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì yíjú padà kí a má baà rí tiwọn. Ìbínú wá dìde. "Lọ́la! Agégẹdú á dé lọ́la!"

"Wọn ò ní gé e," Màmá wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní wọn ò ní gé e. Èmi ni mò ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ahéré ni ká gbé kúrò."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látìjọ́?"

"Ẹ̀yin àti àlejò lẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Mo kàn ń wòye ẹni tó máa kọ́kọ́ rántí pé mo wà níbẹ̀."

Ọ̀gá, tí wọn ò ríran mọ́, ń fà mí lápá: "Kí ni wọ́n ń sọ?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Ọ̀kadà ló gbé Ọ̀gá lọ sí ọsibítù ní Ìwó. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, ara wọn sì yá. Bàbá kò gbà kíá, ṣùgbọ́n wọn kò ránṣẹ́ pe agégẹdú. Bàbá tó bí wọn ló kọ́ ahéré náà, wọ́n fapá jánú fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ní àárọ̀ kan, a bá wọn lẹ́yìn kòkó, wọ́n ń fi okùn wọn ilẹ̀, Màmá ń júwe ibi tí ẹnu ọ̀nà máa kọjú sí. Àwa náà po amọ̀. Ọ̀gá ru oparun pẹ̀lú ojú wọn tó ṣì wú. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, tí mo kúnlẹ̀ dágbére, Màmá sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Èmi dúró kí wọ́n bi mí. Ìwọ má dúró."

Àlàájà ló wá sọ fún mi lórí fóònù ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé ìjì jà, pé ẹ̀ka kan já, ó sì wó ahéré àtijọ́ yẹn palẹ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ kan pàápàá kò sí nínú rẹ̀. Igi ṣì dúró.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ìrìn àjò yẹn ṣe fún mi. Mo ti máa ń rò pé àwọn tó ń fi mí ránṣẹ́ ló dè mí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ okùn náà wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Mo ń retí kí ẹnìkan yíjú sí mi, kó ní, ìwọ ńkọ́? Nígbà tí mo dé Kétu, mo bá a pé Bàbá mi àti àbúrò wọn ti fẹnu kò pé kí n fi ẹ̀kọ́ ẹranko sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín. Mo fọ ọwọ́ mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tèmi."

Bàbá mi yíjú sí mi. "A ò mọ̀ pé o ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu," ni wọ́n wí.

Mo dáhùn pé mo ní in, ó sì pọ̀. Wọ́n sún àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa sọ.