Sàláúdéènì Onífọ́tò àti Ọwọ́ Sìdí

Kò sẹ́ni tó gbọ́njú ní Bẹẹrẹ lọ́dún 1956 tí kò gbọ́ nípa fọ́tò tí baálé ilé kan ti ń ṣépè. Bàbá náà ti jókòó, ó ti tẹ́ agbádá dáadáa. Ni Sàláúdéènì onífọ́tò bá yọ orí lábẹ́ aṣọ dúdú, ó gbé ròbà rogodo tí wọ́n ń tẹ̀ kí kámẹ́rà tó yàwòrán lé ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan lọ́wọ́.

"Sàláú, ta ló fẹ́ yà mí?"

"Sìdí ni, bàbá."

"Ọmọ Èjìdé tí ọwọ́ ẹ̀ rọ?"

"Òun náà ni. Ẹ má mira."

Sìdí fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Eṣinṣin bà lé bàbá nímú. Bàbá lanu, ó ní, "Kò ní dáa fún...", ìgbà yẹn gan-an ni ròbà gbà. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà tán, ẹni tó bá fẹ́ ka iye eyín tó kù lẹ́nu bàbá lè kà á.

Ojú ti Èjìdé, ìyá Sìdí, tó ń ta òwú nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ Sàláúdéènì. Ibà ló kọ lu ọmọ náà lọ́mọ ọdún méjì. Ibà lọ tán, ọwọ́ ọ̀tún kò rí nǹkan dì mú mọ́. Gbogbo ilé ní kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ náà sinmi.

"Ó ti ń sinmi láti ọdún mẹ́ta," Sàláúdéènì sọ. "Ìgbà wo ló fẹ́ jí?"

Kò dúró gbàṣẹ. Ó ya àwòrán ọwọ́ ara ẹ̀ níbi tó ti di ṣíbí mú, tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní kí Sìdí máa wò ó, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ló ń ya ọwọ́ Sìdí náà, kí ọmọ lè fojú ara ẹ̀ rí i pé ìka tí kò ká lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń ká. Ara ògiri ló ń gbé wọn kọ́.

"Kí ni ọwọ́ yìí ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó mi?" Bertha, tíṣà kan láti Kúdẹtì, bi í.

"Ó ń kí yín kú oríire ni, mà."

Bertha ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dé àdúgbò Àrẹ̀mọ, níbi tí ìyá ọkọ Èjìdé ń gbé, ìyá sì gbéra wá.

"Sàláú, o ń fi ọmọ wa ṣe ìran wò! Mò ń mú un lọ."

Èjìdé dìde nídìí òwú rẹ̀. Ìyá ọkọ ni, kò gbọdọ̀ fèsì. Ṣùgbọ́n Sàláúdéènì ti dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó di bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀ ná. Bí kò bá lè dì í, ẹ máa mú un lọ."

Sìdí bẹ̀rẹ̀. Ó làágùn, ó fi eyín di ètè mú. Ó di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kò sí èyí tó wọ ihò tirẹ̀.

"Wọ́gọwọ̀gọ ló dì í!" ìyá ní.

Sàláúdéènì na àyà síwájú. Ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà wọ́, apá kan gùn ju ìkejì lọ. "Ìyá, ọdún méjìléláàádọ́ta rèé tí èmi ti ń di tèmi."

Ẹ̀rín gba ìyá lẹ́nu. Òun nìkan ló padà sí Àrẹ̀mọ.

Sàláúdéènì kú lọ́dún 1967. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Èjìdé ń ròyìn rẹ̀, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, títí gèlè fi tú lórí òun alára. Sìdí, tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e padà fún ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ń fà, ọwọ́ ọ̀tún ń ká a wọlé díẹ̀díẹ̀. Èjìdé di ojú, ó sì jẹ́ kí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣiṣẹ́ wọn tán.