Ẹja Tí Mo Fi Jígí Sí Lójú

Mo rántí òórùn ọ̀dà tó gba yàrá kan ṣoṣo tí mo ń gbé ládùúgbò Lasunwon, lọ́dún tí mo ya àwòrán tí mo rò pé yóò sọ mí di olókìkí. Gbogbo nǹkan tí a fi ń ṣọdẹ ayọ̀ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn nílé ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo kó sínú rẹ̀: àgbàdo sísè, àgbọn, sílípáàsì aláwọ̀ aró, bọ́ọ̀lù rọ́bà, áísìkirímù tó ń yọ́ sórí iyanrìn. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn léfòó sókè ọ̀sà bí ìkùukùu. Láàárín wọn ni mo ya ẹja ńlá kan sí, tó fi jígí aláwọ̀ ọsàn sójú. Màá fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, màá wò ó, màá rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé èmi ni mo dá ọ̀sà.

Inú ọ̀sà yẹn kan náà ni àbúrò mi obìnrin kú sí, lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mo ti pé mọ́kànlá nígbà náà. Mo sọ fún àwọn àgbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀ lórí pákó èbúté, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí Màámi wá kí mi, mo ṣí aṣọ lójú àwòrán náà tìgbéraga-tìgbéraga. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá fọwọ́ kan ojú ẹja náà.

"Jígí tí mo rà fún ẹ rèé. Ṣebí o ní o sọ ọ́ nù sọ́jà?"

Irọ́ mìíràn kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo ní, "Kì í ṣe ọjà, mà. Àbúrò mi ló mú un lò, ló bá já sómi. Mo ní kó wọnú omi lọ mú un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá nà án."

"O mọ̀ pé kò mọ̀wẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. N kò mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni yóò gbà dé. Màámi jókòó sórí ibùsùn mi. Wọn kò sunkún, wọn kò sì ṣépè.

"Ìyá tó bí mi ni mo dá lẹ́bi," ni wọ́n wí. "Mo ní wọn ò ṣọ́ ọmọ mi. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú."

Wọ́n mú ìbòrí wọn, wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n lọ, pé wọ́n jókòó ti sàréè ìyá wọn láti ìdájí títí tí wọ́n fi pe ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́.

Ó ti pẹ́ báyìí. Màámi ṣì ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi, wọ́n sì ń ṣàdúà fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn kò fi oríkì mi pè mí mọ́, n kò sì ní ẹnu tí n ó fi béèrè.