Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fi Okùn Kọ́ Wa

Tíṣà ni bàbá mi, kò sì gbà pé eré ni ìsinmi wà fún. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó ló ti ń kọ́ wa. Lọ́dún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí á mọ bí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láyé ogun ṣe ń sá àsálà, pé kíkà lásán kì í wọni lára.

Ó fi okùn so àwa mẹ́ta mọ́ra lọ́rùn: èmi, àbúrò mi, àti ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Opó ni ìyá ọmọ náà ní Ìgèdè. Ó fi í sọ́dọ̀ wa kí ó lè kàwé. Bàbá fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní pankẹ́rẹ́ pé kí ó máa ṣọ́ wa. Ẹni tó bá tú ara rẹ̀, tó sáré dé ìdí ọsàn, ti bọ́ nìyẹn.

Àlejò dé, bàbá wọlé. Ni pankẹ́rẹ́ bá kúrò ní ti eré. Ẹ̀gbọ́n mi nà wá títí ara wa fi lé. Àbúrò mi ké, èmi náà ké. Ọmọbìnrin náà kò ké, ìyẹn ló sì bí ẹ̀gbọ́n mi nínú. Nígbà tó tú kókó tó so ó mọ́ mi, tó sáré, ẹ̀gbọ́n mi gbá ìyókù okùn mú, ó fà á ṣubú, ó sì ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ojú ọmọbìnrin náà yọ síta. Ẹ̀gbọ́n mi ní:

“Ibo lò ń sá lọ? Ìyá rẹ kò sọ fún ẹ pé ẹrú wa ni ẹ́?”

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ba òkúta. Ó fi fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, eyín méjì jábọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

Ìyá mi sáré jáde láti ìdí ààrò, ó fi ọmọ orógùn lu ọmọbìnrin náà títí igi náà fi dá. Bàbá mi náà jáde, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ìwé parí. Ọmọ náà wo bàbá mi, ó sì jáde lọ tòun ti okùn lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mú mi dání lọ sí Ìgèdè. Ìyá ọmọ náà ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó gbé àga fún un, lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Okùn ti bó awọ ọrùn rẹ̀ yí ká.

“Tíṣà, ẹ̀kọ́ wo rèé?”

Bàbá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ó jẹ́ kí ọmọ náà padà, òun á san owó ilé ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde.  Obìnrin náà kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí owó náà, gbogbo wa ló mọ̀.

Ọmọ náà ló dáhùn.

“Ẹ ṣé, sà. N kò lọ.”

Ó jókòó, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì mú ẹ̀gẹ́ kan.